Ọjọ́ mẹ́ta ní Valparaíso: ẹ gba yàrá tó kọjú sí wáàfù

Àtẹ̀gùn 143. Mo kà á. Láti ojú pópó títí dé ẹnu ọ̀nà ilé àlejò tí a dé sí ní Valparaíso, lórílẹ̀-èdè Chile, 143 ni, mo sì tún un kà lọ́jọ́ kejì bóyá àárẹ̀ ló ṣì mí lọ́nà. Ohun tí onílé kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni pé "àtẹ̀gùn díẹ̀ wà". Bí orúnkún bá ń yọ yín lẹ́nu bíi tèmi, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ ó bi onílé kí ẹ tó sanwó yàrá kankan nílùú yìí nìyẹn: àtẹ̀gùn mélòó?

Ìdòwú, ọmọ wa tó tẹ̀lé àwọn ìbejì, ló ń kàwé fún ọdún kan ní Santiago, torí ẹ̀ la ṣe wọ bàálù láti London lóṣù Kọkànlá. Nígbà tí ìdánwò rẹ̀ súnmọ́, ó dá ọgbọ́n bó ṣe máa lé wa kúrò nínú yàrá rẹ̀: ó ní kí Mọ́mì àti Dádì lọ ṣe fàájì létí òkun. Viña del Mar ló ní lọ́kàn, ìlú oníyanrìn àti òtẹ́ẹ̀lì alájà gíga. Ṣùgbọ́n ó ṣèèṣì mẹ́nu ba Valparaíso tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní ìlú wáàfù ni. Ọ̀rọ̀ tán. Ọdún 19 ni Bàbá Ìbejì fi jẹun ní wáàfù Àpápá ká tó ṣí wá sí London, títí di òní olónìí, bí wọ́n bá rí kọ̀nténà lórí tírélà lójú ọ̀nà, wọn yóò ka nọ́ńbà ara rẹ̀ sókè bí ẹni ń ka Sáàmù. "Ìyá Ìbejì, ṣé iyanrìn ni kí n wá lọ máa wò?" Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ.

Pajaritos la ti wọ bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Santiago ń gbé èèyàn débẹ̀. Nǹkan bíi kìlómítà 120 ni ọ̀nà náà, kò gbà wá tó wákàtí méjì. Bọ́ọ̀sì mọ́, ìjókòó ń dẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó dìde polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí nínú rẹ̀. A gba inú ihò abẹ́ òkè kọjá, a rí oko àjàrà Casablanca tó tẹ́ lọ salalu. Ibi tí a ti sọ̀ kalẹ̀ kọjú sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Chile, tó ti wà ní Valparaíso láti 1990. Ilé náà tóbi, kò sì dára wò rárá. Ẹ má fi ojú ẹ̀ wo ìlú.

Bí ìlú ṣe rí nìyí: ilẹ̀ pẹrẹsẹ tóóró kan wà létí omi, El Plan ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni báńkì, ọjà àti ọ́fíìsì wà. Gbogbo ìyókù, òkè ni. Àwọn òkè ọ̀hún lé ní 40, wọ́n sì kọ́lé bo gbogbo wọn látìsàlẹ̀ dókè. Páànù tí àwa fi ń bo òrùlé, ara ògiri ni wọ́n ń kàn án mọ́ níbẹ̀, wọ́n á wá fi ọ̀dà pupa, yẹ́lò, aró, àti irú àwọ̀ ewé tí èèyàn kì í fi ran aṣọ, kùn ún. Mo fọwọ́ gbá a kí n tó gbà pé páànù ni lóòótọ́. Torí irú ilé wọ̀nyí àti bí wọ́n ṣe tò wọ́n sórí òkè ni UNESCO fi kọ àdúgbò àtijọ́ ìlú náà mọ́ ohun àjogúnbá ayé lọ́dún 2003.

Mi ò ní dárúkọ ilé àlejò wa, torí ẹjọ́ díẹ̀ wà tí mo fẹ́ rò, tọkọtaya àgbà tó ni ín sì ṣe wá dáadáa. Dọ́là 68 ni òru kan, òru méjì la sùn. Yàrá méjì ló ṣófo nígbà tí a dé. Ọ̀kan kọjú sí ọgbà òdòdó lẹ́yìn ilé, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Èkejì kọjú sí wáàfù. Ìyá onílé fẹ́ fún wa ní ti òdòdó, ó ń fọwọ́ bo etí láti fi hàn wá pé ariwo ń bẹ lọ́hùn-ún lóru. Kó tó ṣàlàyé tán, Bàbá Ìbejì ti gbé báàgì wọn wọ yàrá wáàfù, wọ́n ti bọ́ bàtà.

Òótọ́ ni ìyá náà sọ. Àwọn kíréènì ìsàlẹ̀ yẹn kì í sùn. Á dún píí-píí-píí bó bá ń rìn, á dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà, gbàà! Kọ̀nténà ti balẹ̀ nìyẹn. Mo fi ìrọ̀rí di etí. Ọkọ mi ti fa àga sétí fèrèsé. Iná wáàfù mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán, ọkọ̀ ojú omi kan gùn gbọọrọ nísàlẹ̀ wa bí ẹni pé a lè na ọwọ́ kàn án, wọ́n sì ń ka ẹrù bó ṣe ń gòkè. "Wo funfun yẹn, Ìyá Ìbejì. Èyí tó ń mú nǹkan tutù nìyẹn, wáyà iná ẹ̀ rèé. Ẹrù oko ló wà nínú ẹ̀." Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí n sùn. Ìgbà tí a dé ọjà Mercado Cardonal lọ́jọ́ kejì tí mo rí ṣẹ́rì pupa rìbìtì tí wọ́n kó jọ bí ewúro, ló yé mi: àkókò ṣẹ́rì ló bọ́ sí, China ni èyí tó pọ̀ jù nínú ti Chile ń lọ, ojú omi ló sì ń gbà. Ohun tó ń dún gbàà lórí mi lóru, oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà ni.

Bàbá Ìbejì ka kọ̀nténà 61 kí oorun tó gbé wọn lọ lórí àga. Wọ́n ní àwọn ò sùn bẹ́ẹ̀ rí láti bí ọdún mélòó kan. Èmi ni mi ò fojú kan oorun. Síbẹ̀, bí ẹ bá ń lọ, yàrá wáàfù ni kí ẹ gbà. Ẹ ra òwú ìdítí dání. Àwọn òkè tí àlejò pọ̀ sí, Cerro Alegre àti Cerro Concepción, yàrá wọn lẹ́wà, kọfí wọn wọ́n, ibi tí ẹ bá sì yíjú sí, àlejò ẹgbẹ́ yín tó ń ya fọ́tò lẹ máa rí. Lójú fèrèsé tiwa, ohun tí ìlú náà fi ń jẹun là ń wò láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Ìbejì jáde síta, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n padà wọlé. "Tírélà dà?" Mo ní tírélà wo. "Wáàfù tó ṣiṣẹ́ mọ́jú báyìí, tírélà tó ń kó ẹrù wá fún un dà? Mi ò rí ẹyọ kan lójú títì." Èmi náà yọjú. Bọ́ọ̀sì ń kọjá, takisí ń kọjá, ajá sùn sójú ọ̀nà. Kò sí tírélà lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí wọ́n jẹun. Nígbẹ̀yìn mo pe Ìdòwú lórí WhatsApp, mo gbé fóònù sí àárín tábìlì, ọmọ wá ń ṣe ògbufọ̀ fún bàbá rẹ̀ àti bàbá onílé.

Bàbá onílé fi búrẹ́dì ṣe òkè, ó fi ṣíbí ṣe ọ̀nà. Ó ní tírélà kì í gba àárín ìlú lọ sí wáàfù mọ́. Pápá ńlá kan wà lókè lẹ́yìn ìlú, ZEAL lorúkọ rẹ̀, ọdún 2008 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó tó kìlómítà 11 sí wáàfù. Ibẹ̀ ni àwọn awakọ̀ ti ń dúró, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ ìwé àti ẹrù wọn wò. Ẹni tí wọ́n bá pè nìkan ló ń sọ̀ kalẹ̀, á gba ọ̀nà La Pólvora, á wọ inú ihò abẹ́ òkè, á sì yọ sẹ́nu wáàfù tààrà.

Bàbá Ìbejì dákẹ́. Lẹ́yìn náà: "Ìdòwú, bi wọ́n dáadáa. 2008 ni wọ́n wí?"

"2008 ni wọ́n wí, Dádì."

"Lọ́dún 2008 yẹn, òru mẹ́ta ni mo sùn nínú mọ́tò lójú Wharf Road ní Àpápá nítorí kọ̀nténà kan ṣoṣo."

Ìdòwú túmọ̀ ìyẹn náà. Bàbá onílé ò sọ nǹkan kan, ó kàn bu tíì kún ife wọn. (Mo mọ̀ pé Èkó náà ti ń fi ẹ̀rọ pe tírélà láti 2021, Ètò lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ lẹ mọ bó ṣe ń lọ.)

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ẹjọ́ mi. Àkọ́kọ́, omi gbígbóná. Ẹ̀rọ gáàsì kékeré tí wọ́n gbé kọ́ ògiri ló ń gbóná omi, cálifont ni wọ́n ń pè é, ó pọ̀ nílé wọn níbẹ̀. Èyí tó wà nílé wa ní ìwà tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣí omi ní kíṣìnì, tèmi á di yìnyín lórí ọṣẹ. Mo pariwo orúkọ Jésù tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá onílé fi sáré wá kanlẹ̀kùn. Èkejì, owó orí. Òfin Chile ni pé àlejò tó wá láti ìlú òkèèrè, tó fi dọ́là sanwó yàrá, tó sì fi ìwé ìrìnnà hàn pẹ̀lú ìwé ìwọ̀lú tí wọ́n fún un ní pápákọ̀ òfurufú, kì í san owó orí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwé ìwọ̀lú ọ̀hún kò fẹ̀ tó ìwé ẹ̀rí ìsanwó, mo tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Àwọn ilé kéékèèké míì ò forúkọ sílẹ̀ fún ètò náà, torí náà wọn ò lè yọ ọ́. Àwọn tiwa ní àwọn á yọ ọ́, ọjọ́ tí a máa lọ ni wọ́n wá ń sọ pé ẹ̀rọ àwọn ò gbà. Dọ́là 26 lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀ nínú lẹ́tà kí ẹ tó débẹ̀, kí ó wà nínú ìwé. Ẹ̀kẹta ni àtẹ̀gùn, mo ti sọ ìyẹn.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ àárọ̀ wọn, mi ò lè fi ẹnu ba tiwọn jẹ́. Búrẹ́dì kan wà tó pín sí mẹ́rin, èèpo rẹ̀ ń kán wóró. Santiago ń pè é ní marraqueta, àwọn ará Valparaíso ní pan batido ni. Ẹ lọ̀ ọ́ mọ́ píà. Píà, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́! Bí àwa ṣe ń jẹ ata làwọn ń jẹ píà. Tíì ni wọ́n sì ń mu bí ẹni tó bá àwọn òyìnbó London mulẹ̀.

Lójú ọ̀nà etí omi, a gba Plaza Sotomayor kọjá, níbi tí ọ́fíìsì ńlá àwọn ọmọ ogun ojú omi wà pẹ̀lú ère Arturo Prat, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Chile, àti àwọn tó kú pẹ̀lú rẹ̀ nínú ogun ojú omi Iquique ní 21 oṣù Karùn-ún 1879. Mo ya fọ́tò kan. Iwájú díẹ̀ ni èbúté Muelle Prat, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi sì ń pe èrò bí àwọn kọ̀ǹdọ́: "Lancha! Lancha!" 5,000 pésò la san lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fún wa ní aṣọ amúniléfòó, a dúró títí ọkọ̀ fi kún, a sì lo nǹkan bí ìdajì wákàtí lójú omi.

Kò sí ohun tó dà bí i. Wọ́n gbé wa gba ìdí àwọn ọkọ̀ ogun, wọ́n gbé wa gba ẹ̀gbẹ́ ilé-àtúnṣe ọkọ̀ tó ń léfòó lórí omi, wọ́n sì gbé wa súnmọ́ ọkọ̀ akẹ́rù tí ọkọ mi kà mọ́jú. Láti ìsàlẹ̀, ara rẹ̀ ga bí ògiri ilé alájà mẹ́wàá, ìpata rẹ̀ ń ṣàn kalẹ̀ bí omijé. Lórí irin pupa kan tó ń léfòó, ẹranko òkun tí wọ́n ń pè ní lobo marino mẹ́rin tàbí márùn-ún na ara wọn sílẹ̀ bí àwọn alága ìyàwó lẹ́yìn òde. Wọ́n ń rùn! Ẹ mú ẹ̀wù òtútù dání, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn. Omi tútù tó ń ti ìhà gúúsù bọ̀ ló ń gba etí òkun yẹn kọjá, atẹ́gùn orí rẹ̀ sì ń gé èèyàn létí. Fún 5,000 pésò, bí mo bá ní ìràwọ̀ mẹ́fà láti fún un, màá fún un.

Ní ti ascensor, ohun tí gbogbo ayé mọ ìlú náà mọ́: yàrá onípákó kékeré ni, wáyà irin ń fà á gòkè lórí irin bíi ti rélùwéè, èkejì rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ bí èyí ti ń gòkè. Ọdún 1883 ni wọ́n ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀, ti Cerro Concepción. Nígbà kan wọ́n tó 30, 16 ló ṣẹ́kù. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, èyí tó súnmọ́ wa wà lábẹ́ àtúnṣe, ìdí àtẹ̀gùn 143 mi nìyẹn. El Peral la gùn, 1902 ni wọ́n ṣe é, 100 pésò. Gbogbo rẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú kan, ó ń dún kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀, mo di irin mú, mo ń gbàdúrà. Nígbà tí ẹ bá yọ lókè, Paseo Yugoslavo ni, ẹ jókòó sórí àga gbọọrọ níbẹ̀, ẹ wo òkun. Ọ̀fẹ́ ni.

Àṣírí àwọn tí orúnkún ń dùn ni bọ́ọ̀sì 612. Ó ń gba Avenida Alemania, ọ̀nà tó yí àwọn òkè ká lókè lọ́hùn-ún, gbogbo ìlú àti òkun á sì máa ṣí sílẹ̀ lójú fèrèsé yín láì gun àtẹ̀gùn kan. Awakọ̀ ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, ẹ di nǹkan mú. Láti ojú ọ̀nà yẹn èèyàn ń rí àwọn òkè tí iná ńlá oṣù Kẹrin 2014 jó, iná tó jẹ ilé tó lé ní 2,000 tí èèyàn 15 sì kú nínú rẹ̀. Wọ́n ti tún kọ́lé síbẹ̀.

A sọ̀ nítòsí La Sebastiana, ilé akéwì Pablo Neruda. Ọdún 1959 ló rà á láì tíì parí, orúkọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló fi sọ ọ́, ó ṣí i ní 1961. Ilé náà rí tóóró, àtẹ̀gùn rẹ̀ (ẹ ò rí i!) tẹ́ẹ́rẹ́, ẹṣin onígi kan sì wà nínú rẹ̀ bíi ti ibi ìṣeré ọmọdé. Wọ́n fún wa ní ẹ̀rọ tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì sí wa létí. Èmi gbádùn rẹ̀ gan-an, ọkùnrin tó ń kó ohun kóhun jọ báyìí, mo mọ irú ẹ̀. Bàbá Ìbejì dúró sójú fèrèsé kan fún ogún ìṣẹ́jú, wọ́n ní akéwì náà mọ wáàfù í wò. Ọjọ́ Ajé, wọn kì í ṣí.

Oúnjẹ ńkọ́? Chorrillana ni oúnjẹ àwọn ọmọ ìlú: ọ̀dùnkún díndín bí òkìtì, àlùbọ́sà, ẹran wẹ́wẹ́, ẹyin lórí. Ẹyọ àwo kan, a ò jẹ ẹ́ tán. Ó tẹ́ni lọ́rùn, ó sì wúwo nínú bí òkúta. Empanada jọ míìtì páì wa, ó kún fún ẹran àti àlùbọ́sà àti ẹyin, mo ń gbádùn rẹ̀ lọ kí n tó gé èso àjàrà gbígbẹ jẹ. Ta ló fi ìyẹn sínú míìtì páì? Ata wọn ò ta. Ẹ gbé ata gígún tiyín lọ.

Ibi tó dára jù láti jẹun ni Caleta Portales, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Viña láti ibùdó Puerto, ẹ sọ̀ ní Portales. Àwọn apẹja ló ni ibẹ̀, ọkọ̀ wọn wà lórí ilẹ̀, ẹja ń ti inú omi bọ́ sínú epo. Ẹja merluza díndín la jẹ pẹ̀lú tòmátò àti àlùbọ́sà tútù. Ẹyẹ òfú tí mò ń kà nínú Sáàmù 102 láti kékeré, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fojú rí i, ó dúró ti obìnrin tó ń ya ẹja bí oníbàárà tó ti sanwó. Bíbélì ní aginjù ló ń gbé, ṣùgbọ́n ti Portales ti rí ibi tó dára ju ìyẹn lọ.

Ajá ìgboro pọ̀, wọ́n sanra, àwọn ará àdúgbò ń bọ́ wọn. Èmi tí mò ń bẹ̀rù ajá, ọ̀kan tẹ̀ lé mi gun gbogbo 143 náà, ó sì dúró dè mí níbi tí mo ti ń mí. Gbéwiri náà wà. Ìyá àgbà kan tí a ò mọ̀ rí di ọwọ́ mi mú ní El Plan, ó ti fóònù mi bọ inú àpò, ó bá mi wí ní Sípáníìṣì bí ìyá mi. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, a kì í rìn kiri nísàlẹ̀, takisí là ń wọ̀ délé.

Àmì kan wà nídìí àtẹ̀gùn wa tí mo ń kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́ láì kà: ìgbì òkun, èèyàn kan tó ń sá, ọfà tó kọjú sókè. Ìdòwú ló sọ fún mi pé bí ilẹ̀ bá mì, tí òkun sì fẹ́ bo ìsàlẹ̀, àtẹ̀gùn tí mò ń bú yẹn ni wọ́n ní kí n sá gbà. Mi ò bú u mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mo kàn ń kà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa padà, kùrukùru bo gbogbo ìsàlẹ̀. Nígbà tó ká, ọkọ̀ wa ti lọ, àyè rẹ̀ ṣófo, èyí tó kàn ṣì wà lọ́ọ̀ọ́kán tó ń dúró. Bàbá Ìbejì ò sọ̀rọ̀ títí a fi wọ bọ́ọ̀sì. Casablanca la dé kí wọ́n tó ní àwọn gbọ́ pé wáàfù San Antonio, tí kò jìnnà síbẹ̀, ló ń kó kọ̀nténà jù ní Chile báyìí, bóyá ká lọ wò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ bá mi béèrè iye àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀.